Ọmọ Èkìtì tó fẹ́ lọ ṣe tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Da Nang, ibi tẹ́ ẹ máa gbà rèé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà Èkìtì Kétè, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní sùkúù aládàáni tí owó oṣù yín ò tó ra odindi àpò ìrẹsì kan. Àwọn àbúrò tó jáde ní EKSU, ní FUOYE, àtàwọn ti BOUESTI ní Ìkẹ́rẹ́ ò jẹ́ n gbádùn mọ́, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń rí iṣẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìlú etí òkun tá a máa ń rí nínú fídíò yẹn? Ó dáa, ẹ jókòó. Da Nang nílẹ̀ Vietnam ni màá fi ṣàlàyé, torí iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, òkun wà níwájú ẹ̀, odò Han gba àárín ẹ̀ kọjá, òkè wà lẹ́yìn ẹ̀, òkè yẹn nìkan ló sì máa jọ tilé lójú yín.

Kí n tètè sọ ọ́: Adó níbí lẹ ti máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe etí òkun. Àwọn òyìnbó inú fídíò yẹn lè wọ̀lú lónìí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ lọ́la, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ìwé tiwa Abuja ló ti máa gba sítáǹpù, tẹ́ ẹ bá sì ti gbéra láìṣe é, ta lẹ fẹ́ rán lọ sí Abuja látibẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó máa ń dun àwọn èèyàn wa. Lójú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè abínibí ẹ̀ ni ọmọ Amẹ́ríkà, ti ìlú Ọba, Kánádà, Ọsirélíà, New Zealand, Ireland àti South Africa. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ẹ ò bá ti máa sọ Gẹ̀ẹ́sì láti inú oyún wá, kò kàn wọ́n. Kí ẹ máa bá wọn jiyàn lórí Facebook ò ní yí i padà, ẹ kàn gba ẹnu ọ̀nà kejì ni, torí ẹnu ọ̀nà kejì wà lóòótọ́.

Ẹnu ọ̀nà yẹn wà nínú òfin wọn lórí àwọn sẹ́ńtà tó ń kọ́ni lédè, Circular 21 ti 2018. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ àwọn orílẹ̀-èdè yẹn lè kọ́ni tó bá ní dígírì nínú bí wọ́n ṣe ń kọ́ni lédè náà, bíi B.A.Ed. English tàwọn EKSU yẹn, tàbí kó ní dígírì nínú èdè náà pẹ̀lú sátífíkéètì ìkọ́ni. Tí dígírì ẹ bá jẹ́ ti nǹkan míì, Geography ni o, Accounting ni o, ìyẹn náà ò burú, ṣùgbọ́n wàá ní láti fi ìdánwò hàn pé Gẹ̀ẹ́sì ẹ tó ìwọ̀n C1, ìyẹn ìwọ̀n ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa, tó bá jẹ́ IELTS, 7 lọ sókè nìyẹn, pẹ̀lú sátífíkéètì ìkọ́ni. Èrò tèmi ni pé kódà ẹni tó ka English Education, kó lọ ṣe IELTS yẹn náà, torí ọ̀gá sẹ́ńtà tí kò tíì rí ìwé EKSU rí láyé ẹ̀ ò mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín àbí èdè Adó, ṣùgbọ́n tó bá rí 8 lórí IELTS, ó parí. Ọdún méjì péré ni èsì ẹ̀ ń lò o, torí náà ẹ má lọ ṣe é lónìí kẹ́ ẹ wá fi ọdún kan ààbọ̀ máa wá owó físà.

Sátífíkéètì ìkọ́ni, TEFL, ìyẹn ti kíkọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àjèjì sí, ni wọ́n sábà máa ń bèèrè, èyí tó tó wákàtí 120. Èyí tẹ́ ẹ máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ bí ewé, owó wọn ò sì dọ́gba. Ibi tí páńpẹ́ wà nìyí, àwọn ẹ̀jẹ́ntì kì í sì í sọ fúnni: tí ilé iṣẹ́ tó fún yín ní TEFL bá wà nílùú Ọba, ìlú Ọba náà ni wọ́n ti máa lù ú ní òǹtẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún lè ní láti dé ẹ́ńbásì Vietnam tó wà ní London, Abuja ò lè ṣe èyí fún yín. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa ń bá èèyàn ṣe ìyẹn àti iye tó máa jẹ́. Àwọn kan máa ń dúró dìgbà tí wọ́n bá dé Vietnam kí wọ́n tó ṣe TEFL, torí tí wọ́n bá gbà á níbẹ̀, kò nílò ẹ́ńbásì kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní B.Ed. tàbí PGDE, ẹ fi han sẹ́ńtà náà ná, ó lè má sídìí fún TEFL, kí lẹ fẹ́ máa náwó lẹ́ẹ̀mejì sí?

Ó wá ku ìwé. Páásípọ́ọ̀tù ni àkọ́kọ́, wọ́n ń ṣe é ní ọ́fíìsì Immigration ní Adó níbí, ₦100,000 ni olójú ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 ni olójú ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá, láti September 2025 ni wọ́n ti ń gba iye yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí ibùsùn kẹ́ ẹ wo orúkọ. Mo mọ ohun tí mo ń sọ o! Orúkọ ni wàhálà àwa Yorùbá. Lórí WAEC, Oluwaseun Ajayi, lórí dígírì, Ajayi Seun Tosin, lórí páásípọ́ọ̀tù, wọ́n ti fi orúkọ ọkọ kún un. Nílé níbí gbogbo wa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Da Nang ò mọ̀ yín rí, èèyàn mẹ́ta ló rí yẹn. Ẹ tún un ṣe kó tó di pé ẹ gbé ohunkóhun lọ sí Abuja, ẹ lọ búra sí i ní kóòtù, èyí tó bá sì yẹ kí yunifásítì tún tẹ̀, ẹ tètè lọ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣáà mọ bí nǹkan ṣe máa ń falẹ̀.

Tí orúkọ bá ti dọ́gba, dígírì yín á kọ́kọ́ lọ sí Ministry of Education ti ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n jẹ́rìí sí i, lẹ́yìn náà Ministry of Foreign Affairs, kó tó wá kan ẹ́ńbásì Vietnam tó wà ní Abuja níbẹ̀. Bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìyẹn, ẹ̀yìn òǹtẹ̀ tiwa ni tiwọn ń bọ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní apostille ti tó fún wọn, Nàìjíríà ò sí nínú àdéhùn yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ tiwa fi gùn. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀ sínú fóònù, ẹ tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín.

Ìwé ọlọ́pàá, ìyẹn Police Character Certificate tí wọ́n ń gbà lórí POSSAP, ojú ìwé àwọn ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló yẹ kó gbẹ̀yìn, ẹ̀yin lẹ sì máa ń fi ṣáájú torí pé òun ló rọrùn jù. Wọn ò fẹ́ kó ju oṣù mẹ́fà lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún yín títí dìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ fi gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ta ló ń gúnyán kí iṣu tó jinná? Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ti fẹ́ já ná, kẹ́ ẹ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì gbé òun náà gba ibi òǹtẹ̀. Ìwé àyẹ̀wò ara, wọ́n lè ṣe é ní ọsibítù tí ìjọba Vietnam fọwọ́ sí tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an wá ńkọ́? Àwọn sẹ́ńtà ńlá bíi ILA àti Apollo English ní ojú ìwé tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́, àwọn sẹ́ńtà kéékèèké wà nínú àwọn gúrúùpù Facebook táwọn tíṣà Da Nang ń lò, èmi á sì ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn kéékèèké torí wọ́n máa ń gbọ́ àlàyé. Ìgbà tí wọ́n ń wá èèyàn jù ni June sí August, torí àwọn ọmọdé wà ní họ́lídè tí sẹ́ńtà ń kún, tí sùkúù sì máa wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ September, ìgbà kejì ni ẹ̀yìn Tết, ọdún tuntun tiwọn tó máa ń bọ́ sí January tàbí February. Tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí wọn nínú ọ̀sẹ̀ Tết, kò sẹ́ni tó máa dáhùn, gbogbo wọn ti lọ sílé bí àwa náà ṣe ń lọ nígbà Kérésì.

Wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fi fọ́tò sí CV. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan máa rí àwọ̀ yín tí wọn ò ní dáhùn mọ́, àwọn míì á kọ ọ́ sójú ìpolówó gbangba pé àwọn orílẹ̀-èdè méje yẹn nìkan làwọn fẹ́. Ìwà burúkú ni, mi ò ní fi bò fún yín. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kẹ́ ẹ fi fọ́tò tó mọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ìlà kìíní pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, pé ìwé yín ti gba òǹtẹ̀ ẹ́ńbásì tán. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó tètè kọjá lọ. Àwọn tó bá dáhùn lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa fi dátà yín bá sọ̀rọ̀.

Ìńtáfíù máa wáyé lórí fídíò, wọ́n sì fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú wa. Tí wọ́n bá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn, aago mẹ́ta òru ni ní Adó, ẹ yáa ní aago mẹ́ta ọ̀sán tiwọn ló wù yín, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwa nìyẹn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé BEDC o jàre, ẹ gba iná sínú nǹkan láti alẹ́. Wọ́n sábà máa ń ní kẹ́ ẹ kọ́ wọn ní lẹ́sìn kékeré kan bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n, ẹ ṣe é tayọ̀tayọ̀, ẹ lo àwòrán, ẹ lo ọwọ́ àti ara, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un sọ, ẹ má ṣe kọ nóòtù sójú bọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ ní kí wọ́n dà á kọ bí a ti ń ṣe nílé.

Ẹnu wa ńkọ́? Ẹ má lọ fi ẹnu Amẹ́ríkà àtọwọ́dá bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀. Ṣùgbọ́n h ń bá àwa Yorùbá ṣeré, a máa yọ ọ́ nínú house, a ó wá lọ fi sínú egg, church náà sì máa ń di shurch lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀, ẹ tún un gbọ́, ẹ tún un ṣe fún oṣù kan sí méjì. Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ àǹfààní wa: èdè tiwọn náà, ohùn ló ń dárí ẹ̀, bíi tiwa, tiwọn tún pọ̀ ju tiwa lọ. Etí yín máa tètè gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ yẹn ju ti ọmọ Amẹ́ríkà lọ, ẹ̀yin náà ẹ sì máa mọ̀ pé ìparí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń gbé mì, rice á di rai, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Tí wọ́n bá ti ní àwọn gbà yín, ẹ fara balẹ̀ ka kọ́ńtíráàtì. Dong ni owó wọn, dọ́là kan lé ní 25,000 dong, torí náà kí àwọn mílíọ̀nù yẹn má ṣe já yín láyà tàbí kó pa yín lẹ́rìn-ín. Wákàtí ni sẹ́ńtà sábà ń fi sanwó, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ niṣẹ́ sì pọ̀ sí, ẹ bèèrè iye wákàtí tí wọ́n fi dá yín lójú lọ́sẹ̀, àti bóyá owó yẹn ti yọ owó orí àbí kò tíì yọ ọ́, torí ẹni tí kò bá tíì lo ọjọ́ 183 níbẹ̀ lọ́dún, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ. Ẹ bèèrè ẹni tó máa sanwó ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ń gbà á fúnni, ọdún méjì ló máa ń pọ̀ jù, físà iṣẹ́ á sì tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi físà ìgbafẹ́ ọjọ́ 90 wọlé, pé ẹ máa ṣe ìyókù tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú tó ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ, ìtanràn mílíọ̀nù 15 sí 25 dong ni, wọ́n á sì dá a padà sílé. Ẹ̀jẹ́ntì tó bá ń ta iṣẹ́ tíṣà fún yín ní Òkèèsà tàbí ní Fájùyì náà, ẹ sá fún un, sẹ́ńtà gidi kì í gba owó lọ́wọ́ tíṣà kó tó gbà á síṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó yẹ kó gba páásípọ́ọ̀tù yín lọ tọ́jú.

Bí Da Nang bá le jù, ẹ má fi òkun dandan lórí ara yín. Gbogbo òyìnbó ló fẹ́ gbé etí bíìṣì My Khe, ìdíje pọ̀, ẹ wo Hai Phong tó jẹ́ ìlú èbúté tàbí Quy Nhon, òkun wà níbẹ̀ náà. Thailand, wọ́n sábà máa ń bi irú wa léèrè 600 nínú TOEIC, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì míì. Ṣáínà ti le gan-an láti 2021 tí ìjọba wọn ti fòfin de ọ̀pọ̀ lẹ́sìn aládàáni.

Ẹ di owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́ta dání, ìparí oṣù ni wọ́n ń sanwó. Ẹ di èlùbọ́ àti poundo dání pẹ̀lú, ọbẹ̀ olómi àti núùdù ló pọ̀ níbẹ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n ọmọ Èkìtì tí kò rí iyán fún oṣù kan, ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí. September sí December ni òjò wọn, October àti November ló ń le jù, ìjì sì máa ń jà látorí òkun, torí náà tẹ́ ẹ bá dé lásìkò yẹn, ẹ bèèrè bóyá omi máa ń wọ àdúgbò kẹ́ ẹ tó gba ilé. Onílé tó bá sì ní òun ò ní forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ wá ilé míì, torí wọ́n máa bèèrè ìwé yẹn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe káàdì ìgbélùú.