Bí ẹ bá ń lọ wo fíìmù ní àjọ̀dún Toronto

Ìwọra ló ń ba àjọ̀dún fíìmù Toronto, TIFF, jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù márùn-ún fún ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á sáré láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, wọ́n á sì sùn fọnfọn nínú ẹ̀kẹta. Mẹ́ta lójúmọ́ tó. Mẹ́rin ni òpin rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Kánádà (Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án) ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ló sì ń gbà. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ariwo wà: wọ́n á dí apá kan King Street West mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, òṣèré ńlá á máa kọjá, èrò á bo ojú títì. Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun síwájú, àwọn oníròyìn á ti máa palẹ̀ mọ́, tíkẹ́ẹ̀tì á sì rọrùn í rí. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò òṣèré, kó wá níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ wo fíìmù, ìdajì kejì ló yẹ ẹ́.

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò wọ Kánádà láìsí físà, ti Amẹ́ríkà tó bá wà nínú rẹ̀ kò sì rọ́pò ti Kánádà. Dọ́là Kánádà 100 ni owó físà, 85 sì ni ti ìka títẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ìlú Ọba, eTA (ìyọ̀ǹda ìwọ̀lú tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) dọ́là 7 ti tó o.

Ní ti yíyan fíìmù, èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá ti rà, ẹ ó rí i nílé láìpẹ́. Ẹlẹ́ṣin Ọba ti Biyi Bandele, tí wọ́n ṣe lédè Yorùbá, kọ́kọ́ hàn ní TIFF ní oṣù kẹsàn-án 2022. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, ó ti wà lórí Netflix. Ẹ náwó yín sórí èyí tí kò ní dé ọ̀dọ̀ yín: fíìmù ìlú tí ẹ kò tíì gbọ́ èdè wọn rí, ìtàn òótọ́, àti àwọn fíìmù kúkúrú tí wọ́n kó pa pọ̀. (Bó bá jẹ́ fíìmù ilé, ẹ gbàgbé òfin yìí. Kéèyàn jókòó láàárín ẹgbẹ̀rún àjèjì kí èdè ìyá ẹni máa dún nínú gbọ̀ngàn, owó yẹ ẹ́.)

Ọmọ ẹgbẹ́ TIFF ló máa ń kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó ṣí i fún gbogbo ayé lórí Ticketmaster, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, kí nọ́ńbà káàdì yín sì ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá káàdì nínú báàgì lásìkò títà, àga á lọ mọ́ ọn lójú. Ẹ kọ fíìmù mẹ́ta sílẹ̀ fún àkókò kọ̀ọ̀kan, torí èyí tí ẹ fẹ́ jù lè ti tán. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló ń hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìfihàn àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wọ́n jù. Ìkejì dínwó, olùdarí fíìmù sì máa ń wà níbẹ̀ nígbà míì láti dáhùn ìbéèrè. Ìkejì ni kí ẹ mú.

Àtẹ àkókò wá ni olórí iṣẹ́. Gbọ̀ngàn Royal Alexandra àti ti Princess of Wales wà nítòsí ara wọn ní King Street, TIFF Lightbox, ilé sinimá TIFF fúnra rẹ̀, kò jìnnà sí wọn, ilé sinimá Scotiabank tó ní gbọ̀ngàn mẹ́rìnlá wà lókè díẹ̀ ní Richmond. Ìrìn kọ́ ló ń jẹ àkókò, ìlà ni. Ẹ wò ó: fíìmù aago 9:00 àárọ̀ ní Scotiabank, tó gùn ní ìṣẹ́jú 118. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ìpolówó, ìṣẹ́jú 10: ó di 11:08. Ìbéèrè àti ìdáhùn, 20: 11:28. Kí èrò tó jáde, kí ẹ tó tọ̀, kí ẹ tó rìn dé Lightbox: 11:50. Ẹ sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Fíìmù tó bá bẹ̀rẹ̀ ṣáájú 12:20 ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ fi nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín méjì, kí ẹ sì jẹun gidi nínú rẹ̀. Gúgúrú kì í ṣe oúnjẹ.

Kò sí ẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó pẹ́. Bó bá ku ìṣẹ́jú 15 tí ẹ kò tíì wọlé, wọ́n lè fi àga yín fún ẹni tó wà lórí ìlà Rush.

Rush ni ìlà àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, òun sì ni ọ̀nà àbáyọ nígbà tí wọ́n bá ní fíìmù ti tán. Ẹ dé ní wákàtí méjì ṣáájú bí ariwo fíìmù náà bá pọ̀, wákàtí kan fún ìyókù. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka àga tó ṣófo, wọ́n á sì máa tà á níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin méjì tí ẹ bá takú pé ẹ fẹ́ jókòó pọ̀ lè pàdánù. Ẹ gbà kí ẹ jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ló dáa fún un: Roy Thomson Hall gba ju 2,500 èèyàn lọ, àwọn tí kò wá kì í sì í wọ́n. Nínú yàrá kékeré, ẹni mẹ́ta péré lè rọ́nà wọlé.

Fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì wà, nítorí náà ẹ mú páwà báǹkì dání, kí ẹ sì ṣí tíkẹ́ẹ̀tì náà kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò ojú fóònù lè má ṣiṣẹ́. Ẹ mú súwẹ́tà pẹ̀lú. Bí ìta bá tiẹ̀ móoru, ẹ̀rọ amúlétutù inú gbọ̀ngàn kò mọ̀. Bí máìkì bá kàn yín, ìbéèrè kan, gbólóhùn kan. Ẹ má máa ro ìtàn fíìmù fún ẹni tó ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ wo Midnight Madness, fíìmù ẹ̀rù àti ìjàngbọ̀n tí wọ́n ń fi hàn lóru, kó mọ̀ pé yóò parí ní nǹkan bí aago méjì, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ á ti ṣíwọ́. Bọ́ọ̀sì òru wà, bíi nọ́ńbà 320 ní Yonge Street. Ẹ wá ibùdókọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí ilé tí ẹ wọ̀ sí bá jìnnà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì aago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́jọ́ náà.