Nípù kálípà gbọ́dọ̀ kọjú sókè o

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń yọ bíréèkì dírọ́ọ̀mù iwájú Land Cruiser FJ40 àtijọ́ láti gbé ti dísìkì sí i, ẹ gbọ́ o. Kálípà, ìyẹn irin tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra, ti ọ̀tún àti ti òsì jọra bí ìbejì. Bí ẹ bá gbé wọn pàrọ̀, bóòtù á wọlé wẹ́rẹ́, àmọ́ nípù tí a fi ń tú atẹ́gùn á wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn á sì lọ jókòó sókè. Mo ti fi odindi Sátidé kan tẹ pẹ́dàlì, ìgò ọ́ìlì méjì ṣòfò, pẹ́dàlì ṣì rọ̀ bíi fùfú!

Ẹ tún yẹ másítà sílíńdà wò, ìyẹn ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sínú páìpù. Èyí tí wọ́n ṣe fún dírọ́ọ̀mù sábà máa ń ní fáàfù kékeré tó ń dá agbára ọ́ìlì díẹ̀ dúró sínú páìpù, bíi 10 psi. Dísìkì ò fẹ́ ẹ: páàdì á máa ha á, ríìmù á gbóná. Ojú ihò tó lọ sí bíréèkì iwájú nìkan ni kẹ́ ẹ ti yọ fáàfù yìí. Bí ẹ̀yìn bá ṣì jẹ́ dírọ́ọ̀mù, ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀. Wọ́ṣà bàbà tẹ́ ẹ bá tú, ẹ ra tuntun. Kẹ́ ẹ sì fi ríìmù wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó dè é pa, torí àwọn kan máa ń gbá kálípà.