Bí mo ṣe wo fíìmù mẹ́fà ti Sidney Poitier pẹ̀lú bàbá mi

Ọdún 35 ni bàbá mi fi ṣe iṣẹ́ tíṣà. Bí kíláàsì kan bá ya aláìgbọràn, wọn kì í tètè mú ẹgba. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ní "Míìsì", wọ́n á máa bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, títí ara àwọn ọmọ náà á fi wálẹ̀. Mo dàgbà tán kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti rí ọgbọ́n yẹn. "Inú sinimá ni," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan. "Sidney Poitier ló fi kọ́ mi."

Ohun tó mú mi pinnu nìyẹn pé ká jọ wo fíìmù Poitier, òṣèré aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní alẹ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo fẹ́ ká tẹ̀ lé ọdún tí wọ́n jáde, kí n lè rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń dàgbà àti bí Hollywood ṣe ń fún un láàyè díẹ̀díẹ̀. Mo mú No Way Out ti 1950, The Defiant Ones ti 1958, A Raisin in the Sun ti 1961, Lilies of the Field ti 1963, mo wá fi To Sir, with Love àti In the Heat of the Night kún un, tí àwọn méjèèjì jáde ní 1967. Mo máa ń gba fíìmù sílẹ̀ sórí láàpútọ́ọ̀pù láàárọ̀ kí iná tó lọ, tó bá di alẹ́ n ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Fóònù àwa méjèèjì á wà ní ilé ìdáná. Mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa hàn nísàlẹ̀ àwòrán nítorí etí bàbá mi, ṣùgbọ́n èmi gan-an ló wúlò fún jù, torí pé àwọn òṣèré ìgbà yẹn a máa sọ̀rọ̀ kíákíá. Mo sì ṣe òfin kan fún ara mi: mi ò ní ka ohunkóhun nípa fíìmù kan àyàfi tá a bá wò ó tán.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú No Way Out nira fún mi. Fíìmù tó ń fò láti àwòrán kan sí òmíràn ni ojú mi ti mọ́. Nínú èyí, kámẹ́rà á dúró, èèyàn méjì á kojú ara wọn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí. Bàbá mi rí i pé mò ń yíra lórí àga.

"Àdùkẹ́, má wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ sí ni kó o wò."

Poitier ṣe dókítà ọ̀dọ́ nínú rẹ̀. Aláìsàn òyìnbó kan, tí Richard Widmark ṣe, ń rọ èébú lé e lórí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Mo gbé ojú mi kúrò lára Widmark. Ìgbà náà ni mo rí ohun tí bàbá mi ń sọ: ọwọ́ Poitier ń bá iṣẹ́ dókítà lọ, ẹnu rẹ̀ pa dé, ojú rẹ̀ ló ń dáhùn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń wo gbogbo fíìmù àtijọ́ báyìí. Kámẹ́rà tó dúró, tó ń sú mi tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló fún mi láàyè láti yan ibi tí n ó wò.

Nígbà tó parí ni mo lọ ka ìtàn Poitier. Miami ni wọ́n bí i sí ní 1927, kí oṣù rẹ̀ tó pé, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, àgbẹ̀ tòmátì ní Cat Island ní Bahamas, wá ta irè oko wọn. Nígbà tó dé New York, àwo ló ń fọ̀. Ó lọ dán ara rẹ̀ wò ní American Negro Theatre, ẹgbẹ́ òṣèré àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní kó máa lọ, torí kò lè ka ìwé dáadáa, ohùn Bahamas sì kún ẹnu rẹ̀. Ó ra rédíò, ó ń sọ ohun tí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń sọ tẹ̀ lé wọn. Bàbá Júù kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà níbi tó ti ń fọ àwo ló ń jókòó tì í lálaalẹ́, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé ìròyìn. Mo ka èyí fún bàbá mi. Wọ́n mi orí. "Ìdí nìyẹn tó fi mọ ọ̀rọ̀ gbọ́."

The Defiant Ones kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n méjì, funfun àti dúdú, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so pọ̀, ń sá lọ. Mo ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ kó tó débẹ̀. Mi ò yọ ọ́ kúrò nítorí pé òun ló sọ Poitier di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ fíìmù Oscar ti òṣèrékùnrin tó dára jù.

Sátidé kẹta ni ariwo sọ nílé wa. Ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ní Chicago ni A Raisin in the Sun dá lé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Nàìjíríà, Joseph Asagai, ń wá sọ́dọ̀ Beneatha, àbúrò ẹni tí Poitier ṣe. "Nàìjíríà kẹ̀!" Bàbá mi dìde dúró. Asagai kì í ṣe orúkọ wa. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọ̀kọ̀ ogun ní gúúsù Áfíríkà ló jọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá eré orí ìtàgé tí fíìmù náà ti jáde kà, èyí tí Lorraine Hansberry kọ, tó dé Broadway, àwọn ìtàgé ńlá New York, ní 1959, mo rí i pé Yorùbá ni ọkùnrin náà, ó sì fún Beneatha ní orúkọ kan: Aláìyó. Ní etí wa, aláìyó lè jẹ́ ọ̀kánjúwà, ẹni tó jẹun tán tó tún ń wo àwo ẹlòmíì. Hansberry gbé e síbòmíràn: ẹni tí oúnjẹ nìkan kò tó fún. Mo ka ibẹ̀ sókè. Bàbá mi pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wá ní àwọn ì bá fẹ́ bá obìnrin tó kọ ọ́ sọ̀rọ̀.

Nínú Lilies of the Field, Poitier ń kọ́ ilé ìsìn fún àwọn sísítà láti Yúróòpù ní ilẹ̀ gbígbẹ Arizona. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó kọ́ wọn ní orin kan, Amen. Òun ń lé, àwọn ń gbè. Bàbá mi bá wọn gbè. Fíìmù yìí ló gba Oscar fún un ní April 13, 1964, ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba ti òṣèrékùnrin tó dára jù. Aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo ló ti bá àwọn òṣèré mìíràn du Oscar, tó sì gbà á, ṣáájú rẹ̀, Hattie McDaniel, ní 1940, ní òtẹ́ẹ̀lì tí kì í gba aláwọ̀ dúdú. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Nínú To Sir, with Love, Poitier ṣe tíṣà, òun ni bàbá mi ti kọ́ ọgbọ́n "Míìsì" yẹn. Nígbà tó dé ibi tí tíṣà náà ti fa lẹ́tà iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ̀ ya, bàbá mi ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní àwọn náà gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù tíṣà. "Mi ò sọ fún ìyá rẹ." Wọ́n ní kí n máa bá a lọ.

In the Heat of the Night la gbẹ̀yìn. Poitier ni Virgil Tibbs, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Philadelphia, nínú ìlú kan ní Mississippi. Illinois ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, torí pé Poitier kò fẹ́ lọ sí ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà: ní 1964, nígbà tí òun àti olórin Harry Belafonte gbé owó lọ fún àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní Greenwood ní Mississippi, àwọn Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, lé wọn lójú títì. Nínú ilé òdòdó olówó kan tó ń jẹ́ Endicott, olówó náà gbá Tibbs létí. Tibbs gbá a padà lójú ẹsẹ̀.

"Dá a padà sẹ́yìn," ni bàbá mi wí.

Mo dá a padà, mo pa ohùn rẹ̀. Mo fi òfin bàbá mi wò ó, mo sì rí ẹnì kan nínú yàrá náà tí mi ò kà sí tẹ́lẹ̀: ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan tó ti dàgbà, tó gbé ohun mímu wá lórí tíréè. Kò sọ nǹkan kan. Mo wá orúkọ òṣèré náà. Jester Hairston ni. Mo ka ìtàn rẹ̀ síwájú, mo kígbe pe bàbá mi: ọkùnrin yìí ló ṣe Amen tí wọ́n kọ nínú Lilies of the Field, ohùn rẹ̀ la sì ń gbọ́ níbi tí ẹnu Poitier ti ń lé orin náà, torí Poitier kò mọ orin kọ.

A kò tíì lọ sùn. Mo ṣí Lilies of the Field padà, mo fà á lọ sí ibi orin náà. Lọ́tẹ̀ yìí bàbá mi kò gbè é. Wọ́n di ojú wọn.

"Bàbá tó gbé tíréè nìyẹn," ni wọ́n wí.