Bí Ohùn Orin Bá Ṣàdéédé Lọ Sílẹ̀ Lórí Laptop Níbi Òde

Dàdàkúàdà ń lọ geere níbi wolimat n'Ílọrin, ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì kan wọlé sórí laptop tí orin ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ lohùn orin bá wálẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan míksà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yí ohùn lọ sí sípíkà, o. Windows ló ṣe é. Láti Windows 7 ló ti máa ń bá èèyàn dé bẹ́ẹ̀: tó bá ti rí i pé ìpè ń lọ, á dín ohùn áàpù yòókù kù ní 80%.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R papọ̀, ẹ kọ mmsys.cpl, kí ẹ tẹ Enter. Lókè ojú-ewé tó bá ṣí, ẹ tẹ Communications. Ìlà mẹ́rin lẹ máa rí níbẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, Do nothing, ni kí ẹ mú, kí ẹ sì tẹ OK. Tí nǹkan kò bá yí padà, ẹ ti áàpù orin náà, kí ẹ tún un ṣí.

Windows tún máa ń rántí ohùn áàpù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, àti ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá so mọ́ ọn. Ẹni tó dín ohùn VLC, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, kù nílé lè dé òde kó máa fa míksà sókè ṣáá, ariwo ṣíììì ni yóò sì bá orin jáde. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àwòrán sípíkà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Volume mixer, kí ẹ wo ìlà VLC níbẹ̀.

VLC fúnra rẹ̀ dé 125%, ìdẹkùn sì nìyẹn. Ohun tó bá ti kọjá 100, ìsọdipúpọ̀ lásán ni: ibi tí orin ti ga jù á gé kúrò, ohùn á máa fọ́, kò sì sí míksà tó lè tún un ṣe. Ohùn tí ẹ bá sì fi sílẹ̀ lẹ máa bá nígbà mìíràn. Ẹ lọ sí Tools, Preferences, Audio. Ẹ fi àmì sí Always reset audio start level to, ẹ jẹ́ kó wà ní 100%, kí ẹ tẹ Save.

Lójú tiwa, kí VLC wà ní 100, kí Windows wà níbi 80, kó jẹ́ míksà lẹ ó ti máa yí ohùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ihò máìkì lẹ ki wáyà laptop bọ̀ dípò ihò line, 80 náà á pọ̀ jù; ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 20. Kí ẹ sì tó ki wáyà bọ̀ ọ́ rárá, ẹ kọ́kọ́ fa ìlà rẹ̀ lórí míksà wálẹ̀ pátápátá.