Kí Ẹ Tó Fi Résìn Lẹ Táǹkì, Ẹ Wọn Ìfà Inú Résìn Náà

Táǹkì irin tó ti jẹrà nídìí, ọpọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ tó lu, oríkèé páìpù tó ń jò: résìn (kẹ́míkà olómi tó ń gan di líle) àti fáíbà (okùn gíláàsì tí a ń tẹ́ sínú rẹ̀) ni ọ̀pọ̀ wa fi ń lẹ̀ wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní àwọn oko tó yí i ká. (Táǹkì rọ́bà dúdú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí; résìn kì í lẹ̀ mọ́ irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Àlẹ̀mọ́ náà máa ń mú lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá pa á lọ́sàn-án, tí ọyẹ́ sì mú un lóru, etí rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ má tíì dá oníṣẹ́ lẹ́bi. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìfà, ìyẹn agbára tí résìn fi ń fa ara rẹ̀ jọ, tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gan ló ń já a.

Bí résìn ṣe ń gan ló ń súnkì. Polyester, oríṣi résìn tí àwọn oní-fáíbà ń lò jù, ń dín kù ní bíi 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Epoxy, oríṣi résìn mìíràn, kì í tó bẹ́ẹ̀. Résìn tún máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gan. Tó bá wá ń tutù, ó ń súnkì ní ìlọ́po mẹ́ta irin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kò gbà fún un, òun náà kò sì jọ̀wọ́ irin.

Ojú kò rí ìfà yìí, ṣùgbọ́n ó ṣeé wọ̀n nínú àgbàlá yín. Ẹ tọrọ aluminium fẹ́lẹ́ tí àwọn atẹ̀wé ń kó dànù lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ gé e ní gígùn 20 cm, fífẹ̀ 2 cm, kí ẹ fi sáńpépà ha ojú kan. Ẹ fi gírísì pa gíláàsì pẹlẹbẹ, ẹ tẹ́ aluminium náà lé e, kí ẹ sì di orí kan rẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ wá da résìn sí ojú tí ẹ ha, kó nípọn tó 1 mm. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ olómi, orí kejì kò ní mira. Bó bá ti dì tó sì ń le, orí náà a gbéra díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa fi rúlà wọn bó ṣe ga sí gíláàsì ní wákàtí wákàtí, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ní 1909, ẹnjiníà kan, George Gerald Stoney, fi irin nickel bo ojú kan rúlà irin, ó sì ṣírò ìfà inú nickel náà láti inú bí rúlà ṣe tẹ̀. Ẹ̀yin kò nílò ìṣírò. Ẹ da oríṣi résìn méjì sórí aluminium méjì, kí ìnípọn wọn dọ́gba; èyí tó gbé orí ga jù ni ìfà rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìgbà tí ẹ bá gbé e sóòrùn ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Orí tó ti gbéra á sọ̀ kalẹ̀, torí résìn ń wú ju aluminium lọ, ẹ ó sì rò pé ìfà ti tán. Ẹ dúró di alẹ́. Bó bá tutù, á tún gbéra, ó sì lè ga ju ti àárọ̀ lọ, nítorí ooru ti mú kí èyí tí kò tíì gan tán gan, ó sì tún súnkì sí i. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀yinná tàbí iná gáàsì yá àlẹ̀mọ́ lára.

Bí epoxy yín bá mọ́ gaara, ẹ gbé e síwájú ojú kọ̀ǹpútà tó funfun, kí ẹ fi awò oòrùn polarized (irú tó ń dín dídán ìmọ́lẹ̀ kù) wò ó. Ibi tí àwọ̀ bí òṣùmàrè bá ti ṣù jọ ni ìfà ti le jù.

Tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ gan-an, ẹ ṣe é ní ìpele tín-ín-rín, kí ọ̀kan tutù kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Catalyst (oògùn tó ń mú résìn gan) 10 sí 20 ml ló tó kílò polyester kan. Àpọ̀jù ń mú un gbóná kọjá ààlà. Ìrọ̀lẹ́ dára ju ọ̀sán gangan lọ. Ẹ ṣe é níta, ẹ fi awò bo ojú, torí catalyst lè fọ́ ojú èèyàn. Ẹ kò gbọdọ̀ da catalyst àti accelerator (oògùn tó ń mú kí gígan náà yá) pọ̀ ní tààrà láéláé, wọ́n lè gbiná tàbí kí wọ́n bú gbàù: ẹ po accelerator mọ́ résìn tán ná, kí catalyst tó tẹ̀ lé e.