Chili Ẹran Màálù àti Ẹ̀wà Pupa: Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀wà Náà Hó

Ẹ̀yin ìdílé Yorùbá tí ẹ wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà la kọ ìwé yìí fún. Ẹ ń jẹ chili, ọbẹ̀ ẹran àti ata, lálẹ́, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ń tẹ̀ lé e, ẹ sì ń sọ pé alápatà ta ẹran tó ti bàjẹ́ fún yín. Ẹ wo ẹ̀wà inú ìkòkò kí ẹ tó bá alápatà jà.

A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà olóyin tí ẹ mọ̀ láti kékeré kọ́ ni èyí. Èyí tó pupa, tó tóbi, tí wọ́n kọ red kidney beans sára àpò rẹ̀, ní májèlé kan tó pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí kò tíì jinná. Hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún péré lè da inú àgbàlagbà rú láàárín wákàtí 1 sí 3.

Àṣìṣe tí a ń rí ṣáá nìyí: wọ́n á da ẹ̀wà gbígbẹ sínú slow cooker (ìkòkò oníná tó ń fi ooru jẹ́jẹ́ se oúnjẹ fún wákàtí púpọ̀) láàárọ̀, wọ́n á da ẹran àti tòmátò lé e, wọ́n á gba ibi iṣẹ́ lọ. Ooru slow cooker lè má tó láti pa májèlé yẹn. Bí ooru náà bá mọ sí nǹkan bí 80°C, májèlé ọ̀hún tún lè le sí i ju ti ẹ̀wà tútù lọ, ní ìlọ́po márùn-ún pàápàá. Ẹ̀wà á rọ̀ o, ẹ ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Rírọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ṣeé jẹ.

Ẹ wọn ẹ̀wà gbígbẹ 250 g. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 1½ mọ́jú. Ó kéré tán, wákàtí 5. Ẹ da omi náà nù. A ní kí ẹ dà á nù, ẹ má fi se nǹkan kan. Ẹ ṣan ẹ̀wà, ẹ bu omi tuntun sí i, ẹ gbé e ka iná tó le nínú ìkòkò lásán. Nígbà tí omi bá ń ta sókè tó sì ń yí hóró ẹ̀wà kiri ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago: ìṣẹ́jú 30 gbáko. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù títí yóò fi rọ̀ délẹ̀. Ẹ má fi tòmátò sí i ní àsìkò yìí, nítorí ohun kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀.

Ẹran èjìká màálù kílò 1 ló dára jù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ din ín díẹ̀díẹ̀ nínú òróró títí ara rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ṣe ni yóò máa ṣomi. Ẹ kó ẹran jáde, ẹ fi òróró yẹn din àlùbọ́sà ńlá 2 àti ẹyọ aáyù 4. Ẹ fi ata gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí ńlá 2 àti kumin (èròjà ọbẹ̀ olóòórùn dídùn kan) ṣíbí kékeré 2 sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 1. Ẹ dá ẹran padà pẹ̀lú tòmátò agolo 2 (400 g ọ̀kọ̀ọ̀kan), omi ìdajì lítà àti iyọ̀ ṣíbí kékeré 2. Ẹ dé e, iná jẹ́jẹ́, wákàtí 1½. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó da ẹ̀wà tó ti jinná sí i, kí wọ́n jọ wà lórí iná fún ìṣẹ́jú 30 sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lo slow cooker lè lò ó báyìí.

Iṣẹ́ ń dí yín lọ́wọ́? Ẹ ra ẹ̀wà inú agolo, 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 400 g. Wọ́n ti sè é jinná tẹ́lẹ̀. Tàbí kí ẹ se é bí ti Texas, níbi tí chili ti jẹ́ oúnjẹ ìpínlẹ̀ láti 1977, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fi ẹ̀wà sí i rárá.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tètè tutù, ẹ gbé e sínú fìríìjì kó tó pé wákàtí 2.