Lẹ́tà dókítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹjọ́ mi jẹ́

£40 ni mo san fún lẹ́tà onílà mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo fi dúró dè é. Ó ṣì ń dùn mí.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2022, mo sọ fún máníjà pé mo ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé oògùn mi máa ń kùn mí lóorun, kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ òru. Gbogbo ṣíìfù mi ni wọ́n kó fún ẹlòmíì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n panu mọ́, kí wọ́n má baà máa pè mí ní wèrè. N ò gbà.

Òfin ìdọ́gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Equality Act ọdún 2010, dáàbò bo ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, bó bá ti tó ọdún kan tàbí tó jọ pé yóò tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń dí i lọ́wọ́ gan-an nínú nǹkan ojoojúmọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ibi iṣẹ́. Ìyẹn ò le.

Lẹ́tà dókítà tí màá fi jẹ́rìí àìsàn mi ni wàhálà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ síbi iṣẹ́ dókítà, obìnrin orí káúńtà á ní ó wà lórí tábìlì dókítà. Nígbà tó jàjà jáde, kò ju pé mò ń lo oògùn, ara mi sì ti ń yá. Ara yíyá kẹ̀! Bí màá ṣe rí ká ní n ò lo oògùn ni òfin ń béèrè: pé mo máa ń wọ aṣọ kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta, pé ìrẹsì jóná lójú mi kòròkòrò tí n ò lè dìde pa iná. Kò sí ọ̀kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣù 3 ó dín ọjọ́ 1 péré ni wọ́n fún mi láti pẹjọ́, ọjọ́ sì ń lọ.

Ẹ̀tọ́ aláìsàn ni láti gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín oṣù kan. Tèmi lé ní ojú ìwé 60. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí dókítà kan kọ ọ́ láti 2019 pé n kì í sùn, n kì í jẹun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ 9 ni mo kàn sí Acas, àjọ tó ń làjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ lèèyàn sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà kó tó délé ẹjọ́. Wọn kì í ka ọjọ́ ìlàjà mọ́ gbèdéke. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ibi iṣẹ́ mi san owó ṣíìfù tí mo pàdánù, wọ́n dá mi padà sí iṣẹ́ ọ̀sán. Èmi nìkan ni mo jà á, n ò gba lọ́yà.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí wọ́n gba ṣíìfù mi gan-an ni ǹ bá ti béèrè àkọsílẹ̀ yẹn, ǹ bá sì ti máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu máníjà sílẹ̀, tòun ti déètì.